Èéfín Nínú Èéfín

Èmi ni alárinà tó purọ́. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, torí pé ní Bàrígà níbí, ọ̀rọ̀ kì í sun ilé ẹni tó ni ín. Níní lorúkọ mi. Ẹja yíyan ni mò ń tà. Mo máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń yan án létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, màá gbé e lọ sí Ṣómólú, màá tà á fáwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé. Bí mo bá ń padà bọ̀, màá ra bébà tí wọ́n tẹ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, òun làwọn aláẹja fi ń wé ẹja fún oníbàárà. Ẹja ní àlọ, bébà ní àbọ̀, ẹnu mi sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ láàárín méjèèjì.

Bọ̀ọ̀dá Sùrájù ni mo ń ra bébà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Ọmọ onílẹ̀ Ṣómólú ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń dúró nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé nínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, lásìkò òjò ọdún tó kọjá, ó ń jẹ ẹja tí mo tà fún un, ó dáwọ́ dúró.

"Níní, ta ló yan ẹja yìí?"

"Kí ló dé, Bọ̀ọ̀dá? Ṣé ó korò ni?"

"Kò korò. Ibi gbogbo lára rẹ̀ ló jinná bákan náà. Ẹni tó yan án ní sùúrù."

Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín. Ìbíyẹmí tí èmi mọ̀, Ọlọ́run fún un ní ohun gbogbo, ó yọ sùúrù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹnu ara ẹni ba ọjà ara ẹni jẹ́.

"Ìbíyẹmí ló ń jẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Opó ni."

"Mi ò béèrè bóyá opó ni."

"Ẹ ti fẹ́ẹ́ béèrè."

Ó wò mí, ó nu ọwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ máa gbé bébà lọ, ó yọ kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n tẹ oṣù méjì lé ara wọn lórí rẹ̀, ó kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n fún ẹni tó yan ẹja. Mo kà á lójú ọ̀nà. Alárinà tí kò bá ka lẹ́tà, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé? Ohun tó kọ ni pé: "Ẹni tó yan ẹja yìí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yìn bébà yìí ṣì láàyè, bí ẹ bá fẹ́ fèsì."

Ìbíyẹmí kà á lẹ́ẹ̀mejì nídìí ààrò rẹ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yọ píìnì kúrò lára bébà yín. Ó gún mi lọ́wọ́ lánàá."

Láti ọjọ́ náà, n kò rí píìnì kan ṣoṣo lára bébà Bọ̀ọ̀dá Sùrájù mọ́. Mo bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbi tó jókòó tì wọ́n, tó ń fi èékánná yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Mo ní nínú ara mi pé, Níní, iṣẹ́ ti dé.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Ìbíyẹmí jẹ́. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, ó ga, ó dúdú, ó sì lè fi ojú lásán lé oníbàárà tó bá ń tẹ ẹja wò láìrà. Ikúmápàyí, ọkọ rẹ̀, bá omi lọ ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Lazarus, ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún un, ń ṣiṣẹ́ ní Wàrí, ó ti ní ìyàwó tirẹ̀. Ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú gan-an ni Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í mu sìgá.

Èmi nìkan ló mọ̀. Láàárọ̀, bó bá ti dáná sí ààrò tán, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á yọ sìgá kan nínú agolo tó ń kó iyọ̀ sí, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ògúnná tàn án. Odindi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò ra ìṣáná nítorí sìgá rí. Ta ló fẹ́ gbóòórùn sìgá lára obìnrin tó ń yan ẹja? Èéfín bo èéfín. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ kò mọ̀, ọmọ rẹ̀ kò mọ̀.

Ọdún tó kọjá yẹn náà ni ooru kan tún dé. Kò ní sún mọ́ iná rárá, nǹkan á ṣàdéédéé gbé e láyà, á gùn dé ọrùn, òógùn á bo ojú rẹ̀, kò ní pẹ́ ẹ̀wẹ̀, òtútù á mú un. Nǹkan oṣù rẹ̀ á dé lóṣù yìí, á fo oṣù méjì. Oorun sá kúrò lójú rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìtọ́jú tó wà nítòsí wa.

"Màmá, nǹkan oṣù yín ló fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀," nọ́ọ̀sì náà wí. "Kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú o, ṣé ẹ máa ń mu sìgá?"

Ìbíyẹmí wò mí. Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà.

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mélòó lójúmọ́?"

"Méje."

Nọ́ọ̀sì náà kò pariwo. Ó ní sìgá máa ń jẹ́ kí irú ooru yẹn le sí i, pé ó máa ń jẹ egungun obìnrin tó bá ti dé ọjọ́ orí náà, ó sì ń ṣe ọkàn ní jàǹbá. Ó ní bí ó bá jáwọ́, ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta àkọ́kọ́ á le. Inú á máa bí i, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á tún burú sí i.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," Ìbíyẹmí wí nígbà tí a jáde. "Mo jókòó de òkú ọkọ mi létí omi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kí ni wọ́n ń pè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sídìí ògúnná.

*

Nígbà tí wọ́n ti kọ̀wé sẹ́yìn bébà fún oṣù mẹ́ta, mo mú wọn pàdé ní Akọka, lábẹ́ igi kan tí obìnrin kan ti ń ta mínírà, nítòsí ibi tí mo ti máa ń gbé ẹja fáwọn olùkọ́ yunifásítì. Ìbíyẹmí fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù wọ funfun, ṣùgbọ́n yíǹkì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Wọ́n jókòó bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de tíṣà.

"Ìka wo ni píìnì gún?" ni Bọ̀ọ̀dá fi bẹ̀rẹ̀.

Ìbíyẹmí na àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé ojú ọgbẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo bojú wo ọ̀nà. Inú mi dùn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rí i lójú mi.

Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Bọ̀ọ̀dá Sùrájù gbé ìgò rẹ̀ kalẹ̀.

"A ti dàgbà ju ká máa yí ọ̀rọ̀ po lọ. Mo fẹ́ kí o wá sílé mi. Ti ẹ̀sìn kò le, kí ìwọ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, kí n máa lọ sí mọ́ṣáláṣí mi. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè gbà wọlé. Sìgá."

Ọwọ́ Ìbíyẹmí dúró lára ìgò mínírà rẹ̀.

"Òun ló pa bàbá mi. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa tí wọ́n ń mu ún. Èmi ni mo ń da abọ́ tí wọ́n ń wúkọ́ sí nù. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ rí. Mo búra nídìí sàréè wọn pé ẹni tó bá ń mu sìgá, bó jẹ́ ọmọ bíbí inú mi, kò ní sùn sílé mi." Ó yíjú sí mi. "Níní, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣé nǹkan kan wà tó yẹ kí n mọ̀?"

Mo gbọ́ ohùn ara mi. "Kò sí, Bọ̀ọ̀dá."

Ó ku díẹ̀ ká dé Ìlàjẹ.

"Kí ló dé tí o fi purọ́ fún un?" Ìbíyẹmí bi mí.

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló di ẹnu rẹ?"

"Èmi kọ́ ló bi." Ó rìn díẹ̀ sí i. "Màá jáwọ́ kó tó mọ̀. Ohun tí kò bá sí mọ́, kí la tún fẹ́ sọ nípa rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí àwa méjèèjì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tèmi kò rí oṣù mẹ́ta lò.

*

Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kíní, ó ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣe mọ́kànlá, ó wá di ọjọ́ kan tí òjò pa igi rẹ̀, iná kọ̀ kò ràn, ó sì mu mẹ́ta léra wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló múra sí i. Ó jẹ orógbó títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ń dùn ún. Ó lé oníbàárà tó béèrè iye ẹja lẹ́ẹ̀mejì. Èmi gan-an, ó ní ohùn mi ń dun òun létí.

"Àárọ̀ ni, Níní. Ìyókù ọjọ́, mo lè bá a jà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń fẹ́ iná báyìí, tó bá ti pọ́n, ọwọ́ mi á dìde lọ sínú agolo, n kò ní rán an níṣẹ́."

"Da agolo náà nù."

"Ó ku ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí n kò bá rí i, màá lọ ra odindi páálí."

Bọ̀ọ̀dá Sùrájù kì í wá sí Ìlàjẹ, torí pé èéfín ibẹ̀ ń rán an létí bàbá rẹ̀. Akọka ni wọ́n ti ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó rí i bí òógùn ṣe ń bo Ìbíyẹmí, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, bó ṣe ń kanra mọ́ obìnrin tó ń ta mínírà.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ọjọ́ orí ni. Nǹkan oṣù mi ló ń kásẹ̀ nílẹ̀."

Kò purọ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Gbogbo ohun tí sìgá ń fà, ó kó o lé ọjọ́ orí lórí, òun gan-an kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti èwo mọ́. Bọ̀ọ̀dá lọ gé abẹ̀bẹ̀ kan fún un láti ara páálí tó nípọn, ó tẹ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ìbíyẹmí fi abẹ̀bẹ̀ náà bojú, ó sunkún. Bọ̀ọ̀dá rò pé ọjọ́ orí náà ni.

Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

*

Alájà Wosilat, ìyá Bọ̀ọ̀dá Sùrájù, ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju tèmi lọ. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ń fi ọwọ́ yí tẹ̀súbà nígbà tí mo kúnlẹ̀.

"Níní, wọ́n ní obìnrin tí o mú wá yìí ń làágùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Wọ́n ní nǹkan oṣù rẹ̀ ló ń dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Irọ́ kejì nìyẹn, bí ẹ bá ń kà á, torí mo fi ti sìgá pamọ́.

"Kò sí ìgbéyàwó nígbà náà." Kò gbóhùn sókè. "Obìnrin tí tirẹ̀ bá ti dúró kì í bá ọkùnrin sùn mọ́. Ibo ni nǹkan yẹn fẹ́ gbà jáde? Inú rẹ̀ á wú, á máa wú, títí á fi gbé e lọ. Ìyá mi ló sọ fún mi, ìyá tiwọn ló sọ fún wọn. Nígbà tí tèmi dúró, ọjọ́ kejì ni mo kó ẹní mi kúrò ní yàrá ọkọ mi. Mi ò ní jẹ́ kí Sùrájù pa ọmọ ọlọ́mọ."

"Màmá, nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe àìsàn."

"Ọmọ ọdún mélòó ni nọ́ọ̀sì náà?"

Ó tún ń yí tẹ̀súbà rẹ̀ lọ.

"Kó wá sọ́dọ̀ mi ní Sọ́ńdè. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ ní àlàáfíà."

Mo gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, lẹ́yìn náà ó dẹ́kun ẹ̀rín, ó ní òun ti pàdé obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí tú ilé rẹ̀ ká. Ó ní irọ́ gbáà ni, inú kì í wú, pé tọkọtaya lè máa sùn pọ̀ títí ikú á fi yà wọ́n. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìlàjẹ bí ẹni gbé oògùn dé.

Ìbíyẹmí mi orí. "Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún kò ní torí nọ́ọ̀sì ju ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nù. Ìwọ náà wò ó. Bí mo bá ní ọjọ́ orí ni, ìyá kò ní gbà. Bí mo bá ní sìgá ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọmọ kò ní gbà." Ó fi igi tú iná ká. "Ta ni mo wá fẹ́ sọ pé èmi jẹ́?"

"Sọ pé ibà ni."

Ó wò mí bí ẹni wo ẹja tó ti bàjẹ́. Ojú tì mí.

*

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó pé ọjọ́ méjìlélógún tí sìgá ti kan ẹnu rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bí a ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, mo rí bẹ́ǹṣì kan tí wọ́n tì sára ògiri, bẹ́ǹṣì gígùn, igi rẹ̀ ti dúdú. Kò sẹ́ni tó ń jókòó lórí rẹ̀. Ìbíyẹmí náà rí i, ó sì fi ọwọ́ gbá aṣọ rẹ̀ mọ́ra kọjá.

Alájà gbà wá dáadáa. Ó béèrè ọmọ, ó béèrè iṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. A kò tíì sọ̀rọ̀ dé ibì kan tí ooru fi dé bá Ìbíyẹmí. Mo rí i bó ṣe gùn ún láti àyà dé iwájú orí. Òógùn ń kán sí i lọ́rùn, ọwọ́ tó fi di abẹ̀bẹ̀ mú sì ń gbọ̀n.

"Ọjọ́ orí nìyẹn?" Alájà bi í.

"Ó wà níbẹ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ inú wíwú. Kì í wú ẹnikẹ́ni."

"Irọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ní látayébáyé, kò wú ẹnì kan rí."

Tẹ̀súbà dúró lọ́wọ́ ìyá àgbà náà. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀. "O ní ó wà níbẹ̀. Kí ni ìyókù?"

Mo gbàdúrà pé kó sọ pé ibà ni. Ìbíyẹmí gbé abẹ̀bẹ̀ sórí itan rẹ̀. Alájà kọ́ ló ń wò, Bọ̀ọ̀dá Sùrájù ló ń wò.

"Sìgá ni ìyókù. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń mu ún, nídìí ààrò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbóòórùn rẹ̀. Òní ló pé ọjọ́ méjìlélógún tí mo ti jáwọ́. Gbígbọ̀n tí ẹ ń rí lọ́wọ́ mi yìí, òun ni. Ọjọ́ tí ẹ sọ ti bàbá yín ní Akọka, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa lọ."

Bọ̀ọ̀dá Sùrájù dìde. "Níní. O mọ̀?"

Ẹnu tó ń ta ẹja káàkiri Ṣómólú, n kò rí i lò. Mo mi orí pé mo mọ̀.

"Mo jókòó, mò ń yọ píìnì lára bébà," ó wí fún Ìbíyẹmí, jẹ́jẹ́ náà ni. "Sìgá wà lẹ́nu rẹ bí o ṣe ń ka ohun tí mo kọ."

"Nígbà mìíràn."

"Màmá, ẹ kúkú mọ ohun tí sìgá fi bàbá mi ṣe. Ẹ wo bẹ́ǹṣì yẹn níta. Mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."

"Jókòó, Sùrájù."

"Màmá, mò ń lọ."

"Mo ní kí o jókòó. Sìgá kọ́ ló gbé bàbá rẹ síta."

Ó jókòó. Alájà tú tẹ̀súbà kúrò lọ́wọ́, ó gbé e sílẹ̀.

"Bàbá rẹ kì í mu sìgá nígbà tó fẹ́ mi. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni a fi sùn pọ̀, kò sọ̀rọ̀ mi láìdáa rí. Nígbà tí tèmi dúró, mo kó ẹní mi lọ sí yàrá kejì, mo ti ìlẹ̀kùn. Ó bẹ̀ mí. Ó ní kó jẹ́ inú òun ni yóò wú. Mo ní kó má pa mí. Ó lọ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ní kó kan bẹ́ǹṣì fún òun, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó kàn ń jókòó síbẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kejì ló ra sìgá." Ó nu ojú, kò tijú. "Ọdún mẹ́jọ. Mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti inú yàrá. Èmi ni mo lé e síta, Sùrájù. Sìgá kàn bá a jókòó ni. Ọmọ yìí sì ní kò wú ẹnì kan rí."

Bọ̀ọ̀dá Sùrájù wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó dìde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

*

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni mo lọ ra bébà. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù kò kí mi. Ó ní kí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di í fún mi. Nígbà tí mo tú ẹrù náà nídìí ààrò Ìbíyẹmí, ó na ọwọ́ mú èyí tó wà lókè, ó sì fà á sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ wà ní orí ìka rẹ̀. Ara gbogbo bébà náà kún fún píìnì.

Ó wo ìka náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé agolo iyọ̀, ó yọ ẹyọ kan tó kù, ó fi sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ògúnná.

"Ìbíyẹmí, jọ̀ọ́."

"Jọ̀ọ́ kí ni? Ó ti lọ. Ta ni mò ń jìyà fún?"

Orí sìgá náà kò jìnnà sí iná ju ìka kan lọ. Mo fẹ́ já a gbà, ṣùgbọ́n mo ti ṣe tèmi bàjẹ́ tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó wá nàró, ó yọ ọ́ lẹ́nu.

"Lánàá, mo sùn mọ́jú," ó wí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. "Ooru kò jí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó kọjá nìyẹn." Ó dá sìgá náà padà sínú agolo, ó de é. "Kó máa lọ. Ara mi ni mo máa jáwọ́ fún."

Ó fi eyín yọ píìnì àkọ́kọ́ lára bébà, ó bọ́ sí èkejì. Mo jókòó tì í, mo ń yọ tèmi. Mo ń sunkún, torí pé èmi ni mo mú un débẹ̀.

*

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n tí Ìbíyẹmí ti jáwọ́ ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan dúró sórí iyanrìn, láàárọ̀, kí ó tó dáná. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù sọ̀ kalẹ̀. Òun àti awakọ̀ gbé bẹ́ǹṣì gígùn kan jáde láti ẹ̀yìn, igi rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n gbé e sílẹ̀ ní iwájú ààrò.

Ìbíyẹmí kò dìde. "Ẹ káàárọ̀."

"Ìgbà wo ló máa ń ṣe ọ́ jù?"

"Kí ni?"

"Sìgá. Ìgbà wo ló máa ń pè ọ́ jù?"

"Báyìí. Tí mo bá ń dáná."

Bọ̀ọ̀dá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú, ó to igi sínú ààrò bí ẹni to ìwé, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà. Ó ṣá ìṣáná mẹ́rin. Èéfín bò ó lójú, ó wúkọ́ títí mo fi ronú kan bàbá rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì dìde.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n dá," Ìbíyẹmí wí.

"Kọ́ mi."

"Ẹ yọ méjì kúrò láàárín. Ẹ fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Iná ràn. Ó jókòó sórí ìgìrísẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán."

"Mo mọ̀."

"Níní ni inú ń bí mi sí jù."

"Ó tọ́ sí i," Ìbíyẹmí wí, mi ò sì janpata.

"Màmá ní kí n gbé bẹ́ǹṣì náà wá. Wọ́n ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá jókòó lórí rẹ̀ mọ́." Ó nu eérú lọ́wọ́. "Wọ́n tún ní kí n bi ọ́, yàrá iwájú lo fẹ́ ni, àbí tẹ̀yìn."

"Èwo ni tèmi, èwo ni tiyín?"

"Ọ̀kan ni fún àwa méjèèjì. Màmá ti kó ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹrù wọn kúrò nínú yàrá méjèèjì. Wọ́n ní kí a má ti ìlẹ̀kùn mọ́ra wa."

Igi ti ń pọ́n nínú ààrò. Mo rí ọwọ́ ọ̀tún Ìbíyẹmí tó dìde lórí itan rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń lọ síbi agolo iyọ̀. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù náà rí i. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó mú ọwọ́ náà, ó gbé e sórí itan tirẹ̀, wọ́n sì jọ ń wo iná.

Wọ́n ní bójú bá mojú tán, alárinà á yẹ̀bá. Bẹ́ǹṣì náà gùn, ó lè gba ẹni mẹ́ta. Mo gbé agbọ̀n mi, mo lọ ra ẹja lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.